Ṣé ife bọ́ọ̀lù ò ti pọ̀ jù báyìí?

Tíṣà ni mí ní Sakété Kìíní. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà bí àmì ohùn mi bá ṣìnà níbì kan, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù ìgbà ìsinmi ládùúgbò wa ṣe ìpàdé. Èmi ni akọ̀wé wọn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti ń kọ̀wé sójú pátákó, gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú ló máa ń rò pé òun ló yẹ kó máa di bírò mú. À ń múra sílẹ̀ de ìsinmi gígùn. Mo ṣí ìwé ọdún tó kọjá, mo ka ife tí a gbá láàárín ìgbà tí ilé ìwé ti padé sí ìgbà tó wọlé. Márùn-ún ni. Ọ̀kan, ọkùnrin kan tó ń wá ipò ló gbé e kalẹ̀. Ọ̀kan, àwọn ọmọ olóògbé kan fi ṣe ìrántí bàbá wọn. Ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ tó wá sinmi láti Kùtọnu àti Èkó ló dá owó rẹ̀ jọ. Ọ̀kan jẹ́ ti àdúgbò fúnra rẹ̀, òun ló pẹ́ jù lọ. Ìkarùn-ún ni wọ́n pè ní ife ìtùnú, fún àwọn tó fìdí rẹmi nínú mẹ́rin ìyókù.

Àfi bí ẹnì kan ṣe dìde tó ní kí a fi ìkẹfà kún un lọ́dún yìí, fún àwọn tí kò rí ife ìtùnú pàápàá gbà, kí ẹgbẹ́ kankan má bàa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo yẹ kí n kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ni ẹnu mi bá já: "Ife yìí ti pọ̀ jù."

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bi mí pé: "Maître, ṣé kí ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé lọ́wọ́ òfo ni ẹ fẹ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo ń kọ yìí, èsì Bàbá ni. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà á sí létí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ife kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìsinmi. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti tán fún un nìyẹn, ó di àmọ́dún. Ìyá mi fi okùn dúdú rán nọ́ńbà 7 sẹ́yìn ẹ̀wù mi. Ó rán an lálẹ́ lábẹ́ àtùpà, nọ́ńbà náà sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbá bọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́, wọ́n fi góòlù kan nà wá, ilé yá. Bọ́ọ̀lù kàn mí lẹ́sẹ̀ bí ìgbà mẹ́rin péré. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọlé kí ìyá mi má bàa bi mí bó ṣe lọ. Odidi ọdún kan ni mo fi dúró de òmíràn. Nítorí náà, bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ òfo, kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ bó ṣe ń rí.

Orílẹ̀-èdè wa náà mọ̀ ọ́n. Ọdún 2004 ni Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ dé ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Tùnísíà. A gbá mẹ́ta, a pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 2008, ní Gánà, bákan náà. Ní 2010, ní Àǹgólà, a ta ọ̀mì kan pẹ̀lú Mòsáńbíìkì, a pàdánù méjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀mì kan, a kò borí ẹnì kankan. Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Nàìjíríà ló wà pẹ̀lú wa nínú ìsọ̀rí, ó sì nà wá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Ìlaròó. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bó bá ti pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ "Bọ̀dá, ẹ ǹlẹ́ o."

Ìdíje yẹn fúnra rẹ̀, kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, ní Khartoum ní Sùdáànù, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló gbá a: Íjíbítì, Sùdáànù àti Etiópíà. Gúúsù Áfíríkà ni ìbá ṣe ìkẹrin, ṣùgbọ́n òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọn kò jẹ́ kí wọ́n kó dúdú àti funfun pọ̀ wá, wọ́n sì yọ wọ́n. Ó di ẹgbẹ́ 8 ní 1968, ó di 12 ní 1992, ó di 16 ní 1996. Ní 2019 ló wá di 24. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32, ó fò di 52. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, èmi gan-an wà lára àwọn tó ń kùn. Mo ní ṣe ni wọ́n ń bu omi sí ọbẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú ìsọ̀rí kan, méjì á kọjá, àwọn kan tó ṣe ipò kẹta náà á tún kọjá. Kí ni ìdánwò tí gbogbo èèyàn ń yege dà? Tíṣà ni mí, ọ̀rọ̀ máàkì ni mo mọ̀.

Ìgbà tí ó kan wa ni mo tó panu mọ́.

Ẹ rántí oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2019, ní Íjíbítì. Bẹ̀nẹ̀ ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gánà, Mickaël Poté ló gbá méjèèjì wọlé. A ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Gínì-Bìsáù. A tún ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Àmì mẹ́ta, ipò kẹta, wọ́n ní ká kọjá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, a pàdé Mòrókò. Àgbàlá ẹnì kan ládùúgbò wa ni a ti wò ó. Ẹ̀rọ amúnáwá ń bú lẹ́yìn, ẹni tó ni ín sì ń fi ìgò ẹ̀sáńsì lé apá bíi pé ọmọ ìkókó ló gbé. Moïse Adilehou gbá góòlù kan wọlé. Mòrókò dá a padà. Nígbà tí eré fẹ́ parí, wọ́n fún Mòrókò ní pẹ́nárítì. Àwọn kan kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Hakim Ziyech gbá a, òpó ló gbà á. Nígbà tí àfikún àkókò parí tó kan wò-mí-kí-n-gbá-a-sí-ọ, a fi 4-1 ta wọ́n yọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa nígbà yẹn, kí wọ́n tó yí orúkọ padà sí Guépards ní 2022. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Sakété, zẹ́mìjàn ò gba owó lọ́wọ́ èèyàn, ìyá arúgbó tí kò mọ ibi tí Mòrókò wà ń jó.

Sẹ̀nẹ̀gà fi góòlù kan ṣoṣo dá wa dúró ní ìpele tó tẹ̀ lé e. A ti wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù ní gbogbo Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ a kò borí ẹnì kankan láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ọmọ Ìlaròó pè mí: "Bọ̀dá, irú ife wo lẹ ń gbá yìí? Ẹ ò na ẹnikẹ́ni, ẹ sì ń lọ!" Mo ní kó máa sọ tirẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ, ni Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgólò àti Ìdìrókò ò nílò kí n ròyìn ọdún yẹn fún yín. Ọjà kú, ìrìn àjò di àdánwò. Ohun tó ṣì ń kọjá láàárín èmi àti ọmọ yìí láìsan owó ibodè, ẹ̀fẹ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Mo wá bi ara mi pé, ká ní ẹgbẹ́ 16 ni wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? A kò nílò láti méfò. Nínú ìdíje àtiwọlé fún ife 2017, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ 16, Bẹ̀nẹ̀ ṣe ipò kejì lẹ́yìn Málì. Ilé ni a jókòó sí. Fún ti 2019, a tún ṣe ipò kejì, lẹ́yìn Àlùjíríà; a wọlé. Ipò kan náà, ilẹ̀kùn ló yàtọ̀. Ilẹ̀kùn yìí kan náà la gbà wọ ti Mòrókò ní ìparí 2025. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, Yohan Roche gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, a fi 1-0 na Bòtswánà. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ yóò borí nínú ìdíje yìí gan-an. Láti 2004, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí a kọ́kọ́ lọ ti lé ní ogún ọdún kó tó rí i. Congo Kinshasa àti Sẹ̀nẹ̀gà nà wá, síbẹ̀ ipò kẹta tún gbé wa kọjá, a sì jẹ́ kí Íjíbítì fi àfikún àkókò ṣiṣẹ́ kó tó rí wa yọ.

Ẹ má rò pé àwa aláìní nìkan ni ilẹ̀kùn gbòòrò ń ṣe lóore. Ní 2016, Pọtogí ta ọ̀mì mẹ́ta nínú ìsọ̀rí ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ipò kẹta ni wọ́n fi kọjá, àwọn ló sì gba ife náà níkẹyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Côte d'Ivoire tó gba àlejò ife Áfíríkà pàdánù 4-0 lọ́wọ́ Gínì Ìkuétọ̀. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ipò kẹta ló yọ wọ́n. Emerse Faé gba iṣẹ́ náà láàárín ìdíje, ó sì gbé wọn dé àṣekágbá ní 11 oṣù kejì, níbi tí wọ́n ti na Nàìjíríà 2-1. Ọmọ Ìlaròó tún pè mí lálẹ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù ló jẹ́ kí olè wọlé." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kúkú gbẹ̀san. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ní Uyo, àwa la wà lókè ìsọ̀rí fún ife àgbáyé, Gernot Rohr tó ti kọ́ Nàìjíríà rí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Wọ́n gbá mẹ́rin wọlé sí wa láìgba ẹyọ kan. Gúúsù Áfíríkà ló gba ipò náà lọ, àwa ará ilé méjèèjì ń wo ara wa lójú. Èyí ló kù tí ẹgbẹ́ 48 kò fi gbà wá, ṣùgbọ́n ó gba Cape Verde, erékùṣù tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ta ló máa sọ pé kò tọ́ sí wọn, nígbà tó jẹ́ pé Kamẹrúùnù ni wọ́n fi sẹ́yìn?

Nítorí náà, Bàbá, mo ti yí ohùn padà lórí èyí: ẹgbẹ́ tó pọ̀ kò ba bọ́ọ̀lù jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ń gbá a. Ní 1902, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àpọ́nlé kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lẹ́yìn tí sáà parí, ní California. Lónìí irú rẹ̀ ti lé ní 40. Kálukú ló ní ife tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó sanwó. Ẹgbẹ́ tó bá borí 6 nínú 12 ti yẹ fún ọ̀kan. Ìyẹn ni pé máàkì 10 lórí 20 ti tó láti gba ẹ̀bùn. Ní oṣù kejìlá 2025, Notre Dame, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù, kò rí àyè nínú ìdíje gidi tó ń yan olúborí. Wọ́n ní kí wọ́n wá gbá ọ̀kan nínú ogójì yẹn. Wọ́n ní àwọn ò ṣe, ẹ ṣeun.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun méjì ni a ń pè lórúkọ kan. Kí ilẹ̀kùn gbòòrò, kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọlé wá du ife kan ṣoṣo, ìyẹn yàtọ̀. Kí ife máa bí ife, kí kálukú ní tirẹ̀ kó lè gbé e ya fọ́tò, ìyẹn yàtọ̀. Èèyàn tó pọ̀ lágbo kì í ba ayẹyẹ ìwúyè jẹ́. Ọba tó bá pọ̀ láàfin ló ń tú ìlú. CAF gan-an jọ pé wọ́n fura. Ní oṣù kejìlá 2025 wọ́n kéde pé lẹ́yìn ti 2028, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ife Áfíríkà yóò máa wáyé dípò méjì-méjì. Àmọ́ lẹ́nu kan náà ni wọ́n tún kéde ìdíje tuntun mìíràn. Wọ́n yọ ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n fi òmíràn sápá òsì.

Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kiri ni, kí n má bàa tètè dé ibi tó ń dùn mí.

Ọmọ kan wà tí mo kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára gan-an. Nínú ìsinmi tó kọjá, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló gbá bọ́ọ̀lù fún, nínú ife mẹ́rin. Nígbà tí ó kan ife ìtùnú, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó wá sídìí tábìlì mi, mo rí i pé ó ń tiro. Mo bi í pé, "Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Kò sí ǹkan, Bàbá." Mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń tiro, mo sì kọ ọ́, torí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pé, aṣọ ti wà nílẹ̀, àwọn àlejò sì ti jókòó sábẹ́ tẹ́ǹtì.

Lọ́jọ́ yẹn ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀. Eegun rẹ̀ sán. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe epo pupa tà, ọmọ yìí ló máa ń gun ọ̀pẹ fún un. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwòsàn eegun, ìyá ta àgbá epo méjì kó tó rí owó san. Ilé ìwé wọlé, ọmọ ò lè rìn débẹ̀, oṣù méjì àkọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó fi ife yẹn sílẹ̀ kò béèrè rẹ̀. Kò ṣe é nítorí ìkà, kò kúkú mọ̀ ọ́n. Ife tí ọ̀pọ̀ wà bí rẹ̀, ta ló ń rántí ẹni tó gbá a? Nígbà tí mo lọ kí ọmọ náà, ohun tó sọ fún mi nìyí: "Bàbá, àwa la gba ife yẹn o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò, wọn ò ní rántí." Mo rí ife náà nínú yàrá ẹnì kan lẹ́yìn náà. Ike ni. Etí rẹ̀ kan ti kán, wọ́n ń kó bírò sínú rẹ̀.

Ife àdúgbò tí mo pàdánù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Mo ṣì lè dárúkọ àwọn mọ́kànlá tó nà wá lónìí.

Bàbá, èsì mi nìyí. Ní ọjọ́ ìpàdé, mo máa dábàá ife kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ méjìlá wọlé, ìsọ̀rí mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá mẹ́ta ó kéré tán, kí ìyá tó rán nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ rí i wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí méjì kọjá nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí méjì tó dára jù ní ipò kẹta tẹ̀ lé wọn. Bẹ̀nẹ̀ ti kọ́ mi pé kí n má kẹ́gàn ipò kẹta. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25 ni gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ kan má gbá fún ẹgbẹ́ méjì. Kí a parí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó sílẹ̀, yálà ó ń wá ipò tàbí ó ń ṣe ìrántí bàbá rẹ̀, kó fi sínú àpò kan náà, a ó dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú àpò yẹn la ó ti yọ owó ìtọ́jú ẹni tó bá ṣèṣe. Àwọn tó bá sì pàdánù, wọn kò ní lọ sílé lọ́wọ́ òfo: bọ́ọ̀lù tuntun kan ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú lọ, kì í ṣe ife. Ife á jókòó sórí àpótí, bọ́ọ̀lù ni wọ́n á gbá.

Mo mọ ẹni tí àbá yìí máa dùn. Ìyá alákàrà tó ń jókòó lẹ́bàá pápá ti gbọ́, ó dá mi dúró lánàá: "Maître, ife yín pọ̀ jù lẹ wí? Ìgbà wo ni ọjà pọ̀ jù rí?" Owó ilé ìwé ọmọ méjì ló ń rí nínú ìsinmi. N kò ní irọ́ kankan tí mo lè pa fún un; ọjà rẹ̀ máa dín. Mo kàn sọ fún un pé ọmọ tó gun ọ̀pẹ fún ìyá rẹ̀, ọjà tirẹ̀ náà dín. Ó wò mí títí, ó bu àkàrà mẹ́ta fún mi, kò sì gba owó. N kò tíì mọ̀ bóyá ó gbà pẹ̀lú mi ni àbí àánú mi ló ṣe é.

Ọmọ náà ti ń rìn. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi ìgbà tí wọ́n máa kọ orúkọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tó wà ní Pobè, ní Ìfọ̀nyìn, ní Ìlaròó, mélòó ni ife tiyín nínú ìsinmi kan? Ta ló ń tọ́jú ọmọ tó bá fara pa lọ́dọ̀ yín? Ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó pé. Bí ẹ bá ní mo ṣìnà, ẹ wí fún mi; n ó kà á fún Bàbá pẹ̀lú.

Ire o. Èmi ni Maître yín láti Sakété Kìíní.